Oṣù Ni Kí Á Fi Wọn Òkè Adó-Àwáyè

Ohun méjì ni ẹni tó bá ń palẹ̀ mọ́ láti lọ gun òkè Adó-Àwáyè máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Èkíní ni pé adágún Ìyákẹ́ tó wà lórí àpáta náà jẹ́ ọ̀kan nínú méjì péré irú rẹ̀ ní gbogbo ayé, àti pé Amẹ́ríkà ni ìkejì wà. Èkejì ni pé òkè náà kò ga púpọ̀: wọ́n á ní nǹkan bíi 433 mítà ni orí rẹ̀ fi ga ju ojú òkun lọ, wọ́n á ní àtẹ̀gùn tó lé ní 300 ti wà lára rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó yẹ kó ba ọmọdé tàbí àgbà lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n fi ń polówó òkè náà fún àwọn tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó bọ̀, àti fún àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń wá sí ibùdó wọn ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí kò ju bíi 20 kìlómítà sí Adó lọ. Lójú èmi tí ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ jẹ́ iṣẹ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí èyí tó ran ẹni tó ń gùnkè lọ́wọ́ nínú méjèèjì. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: oṣù wo lẹ ń lọ? Àpáta kan náà ni, àtẹ̀gùn kan náà ni, ṣùgbọ́n òkè tí èèyàn bá nínú oṣù Bélú yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó máa bá nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Oṣù ló ń sọ bóyá omi wà nínú kòtò àpáta, bóyá ojú lè ríran jìnnà, bóyá ẹsẹ̀ máa yọ̀, bóyá òǹgbẹ tàbí àrá lè pa èèyàn. Bí a bá fẹ́ wọn òkè yìí, oṣù ni kí á fi wọ̀n ọ́n, kí á tó kan mítà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ adágún méjì ayé, nítorí òun ló ń dí ojú wa. Èyí tí wọ́n ń fi Ìyákẹ́ wé wà ní Glenwood Canyon ní ìpínlẹ̀ Colorado, Hanging Lake lorúkọ rẹ̀. Omi tó ń gba inú òkúta ẹfun kọjá ló kọ́ adágún yẹn. Omi náà ń yọ́ ẹfun inú òkúta, ó ń gbé e bọ̀, nígbà tó bá sì dé etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á máa já ẹfun náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di odi tó dá omi dúró. Odi yẹn ṣì ń dàgbà títí dòní, omi sì ń ṣàn wọ inú adágún náà láti òkè rẹ̀. Ìtàn Ìyákẹ́ kò jọ èyí rárá. Kòtò ni Ìyákẹ́, inú àpáta líle ló wà, òjò àti oòrùn ló sì gbẹ́ ẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ibi tí omi bá ti dúró pẹ́ lórí àpáta ni òkúta ti ń rà, afẹ́fẹ́ àti ọ̀gbàrá á kó ohun tó rà dànù, kòtò á jìn sí i, omi tó máa dúró síbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e á sì pọ̀ sí i. Irú kòtò bẹ́ẹ̀ wà lórí àìmọye àpáta ní Áfíríkà, ní Bràsíìlì àti ní Ọsirélíà. Kódà lórí òkè Adó fúnra rẹ̀, Ìyákẹ́ kọ́ ni omi kan ṣoṣo. A kò lè mú ohun méjì tí ìdí wọn kò pàdé, kí á kà wọ́n pọ̀, kí á wá ní méjì péré ni wọ́n láyé. Mi ò sọ èyí láti bu Ìyákẹ́ kù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí a bá ti fi ìyanu ayé fa ojú rẹ̀ mọ́ra kì í tún béèrè bí omi náà ṣe débẹ̀, ìgbà tó máa ń kún àti ìgbà tó máa ń fà. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyẹn ló máa kọ́ ọ bí òkè náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Àwọn òkúta abẹ́ ilẹ̀ Òkè-Ògùn, agbègbè tí Adó wà, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, láti Ṣakí dé Ìgbẹ́tì, wà lára àwọn tó pẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú gíránáìtì tó wà láàrin wọn ti yọ́, ó sì ti dì, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, nínú ọ̀gbun ilẹ̀ tí ojú kò tó. J. D. Falconer, onímọ̀ òkúta tó tẹ ìwé rẹ̀ lórí ilẹ̀ àríwá Nàìjíríà jáde ní 1911, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣàlàyé pé abẹ́ ilẹ̀ ni irú òkè wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Omi òjò ń wọ inú ilẹ̀, ó ń gba ojú ibi tí òkúta ti là, ó ń sọ òkúta tó là púpọ̀ di yẹ̀pẹ̀ àti amọ̀; èyí tí kò là tó bẹ́ẹ̀ á dúró gbọn-in láàrin yẹ̀pẹ̀ náà. Bí ọ̀gbàrá ṣe ń gbá yẹ̀pẹ̀ lọ láti ọdún dé ọdún, orí òkúta tó le yẹn yọ síta, ó sì di òkè. Ìdí nìyí tí òkè Adó fi yọ lójijì láàrin ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí kò ní àwọn òkè kéékèèké tó ń sin ín lọ. Nígbà tí ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí òkúta náà sì ti kúrò, òkúta ọ̀hún fẹ̀ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ní ìpele ìpele, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ fi rí roboto. Ohun tó yẹ kí á mú dání nínú gbogbo èyí ni pé ìhòòhò ni àpáta náà wà. Kò ní ilẹ̀ lára tó lè fa omi mu, kò sì ní igbó tó lè ṣíji bo èèyàn. Igi díẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ èyí tó rí pàlàpálá fi gbòǹgbò sí. Ilẹ̀ tó ní yẹ̀pẹ̀ àti igi máa ń dẹ ọwọ́ ojú ọjọ́: á mu òjò, á dá oòrùn dúró. Ní orí àpáta Adó, kò sí alágbàwí láàrin ojú ọjọ́ àti ẹni tó dúró síbẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ gíga. Òfin tí gbogbo onímọ̀ ojú ọjọ́ ń lò ni pé bí èèyàn bá ń gòkè, afẹ́fẹ́ á máa tutù sí i ní nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 6 ààbọ̀ fún 1,000 mítà kọ̀ọ̀kan. Èyí ló jẹ́ kí Kilimanjaro, tó ga tó 5,895 mítà, ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kọfí nísàlẹ̀, kó ní igbó kìjikìji láàrin, kó sì ní yìnyín lórí. Ẹni tó ń gùn ún ń ti inú ojú ọjọ́ kan bọ́ sínú òmíràn ní ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, ó sì gbọ́dọ̀ gbé aṣọ òtútù dání bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé ló wà. Òkè Cameroon tó lé ní 4,000 mítà náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Adó, láti ìdí òkè dé orí kò tó 300 mítà. Bí a bá fi òfin yẹn ṣírò ó, ìyàtọ̀ ooru láàrin ìlú àti orí àpáta kò pé ìwọ̀n Celsius méjì. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yẹ́ẹ́ lórí àpáta lè jẹ́ kí ara rò pé ibẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n òógùn tí afẹ́fẹ́ yẹn ń gbẹ ló ń mú ara tutù. Ní ti àsìkò, ẹ̀wẹ̀, ìyàtọ̀ pọ̀ jọjọ. Ní ọ̀sán ọyẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ Òkè-Ògùn lè já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 30 nínú 100. Nígbà òjò, ó lè lé ní 80. Kilimanjaro dúró, èèyàn ń la ojú ọjọ́ rẹ̀ kọjá bó ṣe ń gòkè. Adó náà dúró, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ ló ń la òun kọjá, láti oṣù dé oṣù.

Ẹ̀fúùfù méjì ló ń pín ọdún mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Òkè-Ògùn. Ọ̀kan ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀, láti orí òkun Àtìláńtíìkì, ó rù fún omi. Èkejì ń ti àríwá ìlà oòrùn bọ̀, láti aṣálẹ̀ Sàhárà, ó gbẹ, ó sì ru erukuru tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ibi tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáádì wá. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó sún mọ́ etí òkun wa. Nínú oṣù Ògún, ó ti lọ jìnnà wọ inú Sàhárà. Ìsẹ́yìn wà ní nǹkan bí ìlà 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, Ṣakí sì tún sún sí àríwá jù ú lọ díẹ̀, nítorí náà Òkè-Ògùn wà ní ojú ọ̀nà tí ààlà náà ń gbà lọ gbà bọ̀ lọ́dọọdún. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún wà láàrin nǹkan bí 1,000 sí 1,300 mílímítà, èyí tó pọ̀ tó láti gbin iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọkà bàbà, ṣùgbọ́n tí kò tó fún igbó kìjikìji. Ìdí nìyí tí Òkè-Ògùn fi jẹ́ ọ̀dàn, ilẹ̀ igi ẹ̀mí àti igi igbá. Ẹ má sì jẹ́ kí á rò pé ọjọ́ tí ẹ̀fúùfù òkun bá dé ni òjò ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá kọ́kọ́ dé, nínú oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nílẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì wà lókè rẹ̀, oòrùn sì gbóná janjan. Ìdàpọ̀ yìí kì í mú òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ wá. Ìjì ló ń mú wá: ìkùukùu dúdú tó tò lọ gbọọrọ, tó ń ti ìlà oòrùn bọ̀, tí ẹ̀fúùfù líle ń ṣáájú rẹ̀, tí àrá sì ń bá a rìn. Ìgbà tí ọ̀rinrin bá ti jinlẹ̀ dáadáa, láti oṣù Òkúdù lọ, ni òjò tó ń rọ̀ pẹ́ tó sì ń rọ̀ léraléra máa ń dé. Ó lè dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Ògún, pàápàá ní apá gúúsù, kó tún padà le nínú oṣù Òwéwè, kó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí oṣù Ọ̀wàrà.

Bí a bá gbé kàlẹ́ńdà yẹn lé orí àpáta ìhòòhò, òkè mẹ́rin la máa rí nínú ọ̀kan. Láti oṣù Ọ̀pẹ dé àárín oṣù Èrèlè, òkè ọyẹ́ ni. Òwúrọ̀ rẹ̀ tutù, ó sì dára fún ìrìn, ṣùgbọ́n erukuru lè bo ojú ilẹ̀ débi pé ẹni tó gùnkè nítorí kó lè wo ìlú àti ọ̀dàn láti òkè kò ní rí nǹkan kan. Ewu rẹ̀ fara sin: afẹ́fẹ́ ń gbẹ òógùn kí èèyàn tó mọ̀ pé òun làágùn, ara á ti pàdánù omi kí òǹgbẹ tó dé. Àkókò tí iná ń jó pápá náà nìyí, koríko gbígbẹ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè sì lè gbé iná gòkè kíákíá. Láti ìparí oṣù Èrèlè dé oṣù Igbe, òkè ooru àti ìjì ni. Afẹ́fẹ́ ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n Celsius 35, ojú àpáta fúnra rẹ̀ sì lè kọjá 50, nítorí òkúta ń fa oòrùn mu láti òwúrọ̀, ó sì ń tu ú jáde títí di àṣálẹ́. Ìjì àkọ́rọ̀ a sì dé lọ́sàn-án tàbí lálẹ́, tó jẹ́ pé ẹni tó wà lórí òkè ni ohun tó ga jù lọ ní gbogbo àyíká. Mànàmáná lè ṣẹ́ sí ibi tó fi kìlómítà mẹ́wàá jìnnà sí ibi tí òjò ti ń rọ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òjò bá kán sí i lára kó tó sọ̀kalẹ̀ ti pẹ́ jù. Ìdí igi kan ṣoṣo tàbí abẹ́ òkúta tó dá dúró kì í ṣe ibi ìsádi. Láti oṣù Èbìbí dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀wàrà, òkè omi ni. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, irú èyí tó ń sọ ara àpáta di dúdú, á mu omi, wọ́n á sì máa yọ̀ tìì bí ọ̀rá. Ìsọ̀kalẹ̀ á wá léwu ju ìgòkè lọ. Láti àárín oṣù Ọ̀wàrà dé ìparí oṣù Bélú ni òkè kẹrin, èyí tó dára jù: òjò ti fọ erukuru kúrò lójú ọ̀run, àpáta ti ń gbẹ, kòtò omi kún, koríko ṣì tutù, ọyẹ́ kò sì tíì dé.

Omi ló jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí mò ń sọ, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Mílímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan tó gùn ní mítà kan jẹ́ lítà omi kan. Ìjì kan tó rọ òjò 30 mílímítà sórí àpáta tó fẹ̀ tó héẹ́tà kan ti da 300,000 lítà sí i lórí láàrin wákàtí kan tàbí méjì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni pàlàpálá àti kòtò lè gbà nínú rẹ̀. Ìyókù ń ya wálẹ̀ ni. Ibi tó ń lọ ni ìdí òkè, níbi tí ilẹ̀ ti jinlẹ̀, tí ó sì ń mu ún. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ ìdí àpáta fi sábà máa ń tutù ju ti àárín pápá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí igi ibẹ̀ fi máa ń nípọn, tí àwọn baba wa sì fi ń tẹ ìlú dó sí ìdí òkè. Ní ti omi tó kù sórí, oòrùn àti ọyẹ́ ló ń bá a jà. Bí a bá fojú bù ú pé mílímítà márùn-ún ni afẹ́fẹ́ ń fà lójúmọ́, láàrin 150 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, á ti fa 750 mílímítà. Kòtò tí kò jìn tó orókùn àgbàlagbà gbọ́dọ̀ gbẹ kí àkọ́rọ̀ tó dé. Àwọn ará Adó sọ pé Ìyákẹ́ kì í gbẹ, ìṣirò yìí sì ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọn túmọ̀ sí: Ìyákẹ́ jìn ju ohun tí ẹ̀ẹ̀rùn lè fà lọ, tàbí pé omi tó sápamọ́ sínú ojú àpáta tó là ṣì ń sun wọ inú rẹ̀ nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ọ̀nà yòówù kó jẹ́, òjò ọdún tó kọjá ló ń gbé e ró. Ẹni tó fọ aṣọ tàbí tó da ìdọ̀tí sínú rẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò ní òjò tó máa bá a ṣàn án fún oṣù mélòó kan.

Àwọn ẹ̀dá tó ń gbé irú àpáta yìí mọ oṣù jù wá lọ. Ewéko kan tó jọ koríko, Afrotrilepis pilosa lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é, máa ń tẹ́ bí ẹní lórí àpáta ìhòòhò káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, á gbẹ, á sì rí bí ohun tó ti kú; bí òjò bá rọ̀ sí i, ewé tó gbẹ yẹn kan náà á tún padà di tútù. Ní 1951, onímọ̀ kòkòrò kan tó ń jẹ́ Hinton kọ̀wé nípa kòkòrò kékeré kan tí wọ́n kó láti Nàìjíríà, Polypedilum vanderplanki, tí ìdin rẹ̀ ń gbé inú omi kòtò àpáta. Bí kòtò bá gbẹ, ìdin náà á gbẹ mọ́ ọn, omi ara rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá, síbẹ̀ kò ní kú; ìgbà tí òjò bá dé, á mu omi, á tún máa rìn. Mi ò sọ pé kòtò Adó ni wọ́n ti mú un. Ohun tó kọ́ wa ni pé kòtò omi tó ń kún tó ń gbẹ lórí àpáta jẹ́ ilé fún àwọn ẹ̀dá tí kò lè gbé ibòmíràn, àti pé gbígbẹ rẹ̀ pàápàá jẹ́ ara ìgbésí ayé wọn. Ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹní ewéko náà mọ́lẹ̀ nítorí pé ó dà bí ìdọ̀tí gbígbẹ, tàbí ọwọ́ tó ń kó erùpẹ̀ inú kòtò gbígbẹ jáde láti dáná síbẹ̀, ń ba ohun tó wà láàyè jẹ́. Ìmọ̀ nípa oṣù ló máa jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé kò tíì kú.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mò ń fi òkè kékeré dẹ́rù ba àwọn èèyàn. Wọ́n á ní ṣebí àwọn baba wa gbé orí irú àpáta wọ̀nyí nígbà ogun, tọmọdé tàgbà, wọn kò sì ka oṣù. Òótọ́ ni pé nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orí àpáta jẹ́ ibi ìsádi fún ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi orí àpáta ṣe ilé ní òrùlé tó lè sá sí bí ìjì bá yọ, ó mọ kòtò tó ní omi àti èyí tó ti gbẹ, ó sì mọ ojú ọ̀nà tó ń yọ̀ nígbà òjò. Àlejò tó wá fún wákàtí mẹ́ta kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn ará ìlú kò sì ya òkè sọ́tọ̀ kúrò lára òjò rí: àtayébáyé ni wọ́n ti máa ń da aṣọ funfun bo òkúta Ìṣàgẹ̀ tó wà lórí àpáta náà, tí wọ́n á sì bẹ̀bẹ̀ fún òjò bí ọ̀dá bá dá. Ohunkóhun tí olúkúlùkù ìbáà gbà gbọ́ nípa èyí, ó fi hàn pé àwọn tó sún mọ́ òkè náà jù lọ kò wò ó láìwo ojú ọ̀run.

Àtakò kejì lágbára jù báyìí lọ. Àwọn èèyàn á ní ọjọ́ ìsinmi làwọn ní, pé Kérésìmesì àti Àjíǹde ni iṣẹ́ ń fún àwọn láyè, pé ẹ̀kọ́ oṣù kò lè yí kàlẹ́ńdà ìjọba padà. Ẹ jẹ́ kí á wo ọjọ́ wọ̀nyẹn dáadáa. Ọdún Àjíǹde kì í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà, kì í sì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù Igbe. Ó túmọ̀ sí pé lọ́dọọdún, láìyẹ̀, inú àkókò ooru àti ìjì ló ń bọ́ sí. Ọdún Iléyá ní tirẹ̀ ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó gùnkè ní Iléyá nínú ẹ̀ẹ̀rùn kò lè fi ìrírí yẹn múra fún Iléyá tó bọ́ sínú òjò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ẹni tí kò lè yan oṣù lè yan wákàtí. Ní Àjíǹde, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ní kété tí ilẹ̀ bá mọ́, kí ó sì ti sọ̀kalẹ̀ kí oòrùn tó kàn tàrí. Bí ó bá gbọ́ àrá, bó ti wù kó jìnnà tó, kí ó máa bọ̀ nílẹ̀. Ní Kérésìmesì, kí ó gbé omi ju èyí tó rò pé òun máa mu lọ, kí ó sì má tan iná kankan. Nínú òjò, bàtà tó di ilẹ̀ mú ṣe pàtàkì ju fọ́tò lọ. Ẹni eji rí leji ń pa. Òjò kò ní béèrè bóyá ìsinmi lẹni náà wá lò.

Àwọn tó ń jẹun lórí òkè náà lè ní ọ̀rọ̀ kẹta: pé ìpolówó adágún méjì ayé ló ń mú àlejò wá, pé bí a bá gbà á lẹ́nu wọn, owó á dín kù. Mo fi ọwọ́ pàtàkì mú èyí, nítorí Òkè-Ògùn nílò owó yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Colorado tí wọ́n ń fi wá wé. Nígbà tí èrò pọ̀ jù ní Hanging Lake, wọ́n ti òfin bọ̀ ọ́: láti 2019, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gùn ún gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún ọjọ́ àti wákàtí kan pàtó, wọn kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni wẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rá ara èèyàn ń ba odi ẹfun tó gbé omi dúró jẹ́. Nígbà tí iná jó igbó àyíká rẹ̀ ní 2020, tí ẹrẹ̀ sì ya lulẹ̀ ní 2021, wọ́n tì í pa títí wọ́n fi tún ọ̀nà ṣe. Òkìkí rẹ̀ kò dín kù. Bí a bá fẹ́ jẹ́ ìkejì wọn, níbẹ̀ ni kí á ti bẹ̀rẹ̀. Àlejò tó bá òkè ọyẹ́ pàdé nígbà tí wọ́n ṣèlérí òkè omi fún un á bínú lọ. Èyí tí a bá sọ òtítọ́ fún, tó wá nínú oṣù Bélú, tó rí omi, tó rí ọ̀dàn títí dé ibi tí ojú mọ, á padà wá, á sì mú ẹlòmíràn dání.

Iṣẹ́ tó wà níwájú kò nílò owó ńlá. Kí ìjọba ìbílẹ̀, ààfin Aládó tó jẹ́ ọba ìlú náà, àti àwọn amọ̀nà jókòó pọ̀, kí wọ́n gbé pátákó kan sí ìdí àtẹ̀gùn, kí wọ́n kọ oṣù méjìlá sí i ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì kọ sí abẹ́ oṣù kọ̀ọ̀kan ohun tí àlejò máa bá lókè, wákàtí tó yẹ kó gùn ún àti ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ gùn ún. Kí amọ̀nà ní àṣẹ láti ti òkè pa ní ọjọ́ tí ìkùukùu bá ṣú láti ìlà oòrùn, kí àlejò tó ti sanwó má sì lè fi owó náà bá a jiyàn. Kí wọ́n gbé òṣùwọ̀n òjò kan sí ilé ẹ̀kọ́ tó wà nítòsí, kí àwọn ọmọ máa kà á lójoojúmọ́, kí á lè fi ọdún wé ọdún, kí á sì mọ̀ bóyá àkọ́rọ̀ ti ń pẹ́ jù bó ṣe yẹ. Ìmọ̀ yìí á wúlò fún ẹni tó ń gùnkè, á sì wúlò ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àgbẹ̀ tó ń dáko ní ìdí òkè, torí òjò kan náà ni àwọn méjèèjì ń retí. Ní ti ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtilọ, ẹ má bi mí bí òkè Adó ṣe ga tó. Ẹ lọ nínú oṣù Bélú bí ẹ bá lè lọ, ní òwúrọ̀ kùtù. Bí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn ará Adó léèrè ohun tí oṣù tí ẹ fẹ́ lọ máa ń ṣe lórí àpáta wọn, kí ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́.